Ẹ jẹ́ ká tún ti àná ṣe ká tó dá tiwa sílẹ̀: lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ oyè gíga nínú sàíkọ́lọ́jì àwùjọ

Sí ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin olùkọ́ àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń pinnu ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì àti ti oyè ọ̀mọ̀wé máa kọ́ nínú sàíkọ́lọ́jì àwùjọ,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà wa. Akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé ni mí. Mo tún máa ń bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún oyè kejì jókòó ka ìwé, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí ọ̀rọ̀ mi bá le díẹ̀, kí ẹ̀yin àgbà má bínú. Ìfẹ́ iṣẹ́ yìí ló fà á.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọlé fún oyè kejì mú ìwádìí kan tí ẹlòmíràn ti tẹ̀ jáde, kí ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì gba iṣẹ́ yẹn gẹ́gẹ́ bí àpilẹ̀kọ oyè rẹ̀. Mi ò sọ pé kí ẹ fi kún iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ o. Mo ní kí ó rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá àbá tuntun sílẹ̀, oyè ọ̀mọ̀wé ṣì wà níwájú.

Mo mọ̀ pé ẹ ò ṣàìgbọ́ nípa wàhálà tó bá ẹ̀ka wa láti 2011, pé bí a bá tún ọ̀pọ̀ ìwádìí wa ṣe, àbájáde rẹ̀ kì í jáde mọ́. Ọ̀pọ̀ yín tiẹ̀ ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó máa ń bọ́ sí nínú sáà: ìparí, nígbà tí ọkàn gbogbo wa ti wà lórí ìdánwò. A ó ti fi gbogbo sáà kọ́ ohun tí ìwádìí sọ, kí a tó wá fi wákàtí díẹ̀ gbọ́ pé púpọ̀ nínú rẹ̀ lè má dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í mọ èyí tí òun yóò gbà. Ohun tí mo máa ń rí ni pé wọ́n á há ti àkọ́kọ́ sórí fún ìdánwò, wọ́n á sì fi ti ìkejì ṣe yẹ̀yẹ́ níta.

Ẹni tó wá gba oyè kejì kò wá lọ́wọ́ òfo. Ó ti gbọ́ nípa Solomon Asch àti àwọn ìlà rẹ̀, nípa Stanley Milgram àti ẹ̀rọ iná rẹ̀, nípa Philip Zimbardo àti ẹ̀wọ̀n abẹ́ ilé ní Stanford. Ó mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ àlọ́: ó mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ó mọ bó ṣe parí, kò sì sí ẹni tó máa ń da àlọ́ dúró láti béèrè pé ènìyàn mélòó ló wà níbẹ̀.

Ẹ wo ti Asch, ẹni tó ní kí ènìyàn sọ ìlà tó gùn dọ́gba pẹ̀lú òmíràn, láàárín àwọn tó ti bá lẹ̀dí àpò pọ̀ láti ṣi ìdáhùn sọ. Ohun tí púpọ̀ nínú wa gbé kúrò ní kíláàsì ni pé ọmọ aráyé a máa tẹ̀lé ọ̀pọ̀ èrò, kódà bí ojú tirẹ̀ bá rí ohun mìíràn. Ẹ ṣí iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde láàárín 1951 sí 1956, kí ẹ ka àtẹ ìṣirò inú rẹ̀. Nígbà tí gbogbo àwọn yòókù bá fohùn ṣọ̀kan lórí ìdáhùn tí kò tọ̀nà, ẹni tí wọ́n ń dán wò ń bá wọn lọ ní nǹkan bí ìdá 37 nínú 100. Ìyókù, ìyẹn èyí tó pọ̀ jù, ohun tí ojú rẹ̀ rí ló sọ. Nǹkan bí ìdámẹ́rin àwọn tó kópa kò tẹ̀lé wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Asch fúnra rẹ̀ mọ èyí: nínú àkọlé iṣẹ́ rẹ̀ ti 1956, ọ̀rọ̀ òmìnira ló ṣáájú ọ̀rọ̀ ìtẹ̀lé. Àwa tó ń sọ ìtàn náà fúnra wa la fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe iwájú.

Ti àwọn òǹwòran tún yàtọ̀. Ní 1964, wọ́n pa ọ̀dọ́bìnrin kan, Kitty Genovese, ní New York. Ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé ènìyàn 38 ló ń wò ó tí ẹnikẹ́ni kò ṣe nǹkan kan. Ìròyìn yìí ló mú John Darley àti Bibb Latané ronú àyẹ̀wò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1968. Wọ́n fi olúkúlùkù sínú yàrá tirẹ̀, wọ́n ní kó máa bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù sọ̀rọ̀ látorí ẹ̀rọ. Láìpẹ́, ohùn ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í há, ó ń ké fún ìrànlọ́wọ́ bí ẹni tí wárápá mú. Lára àwọn tó gbà pé àwọn nìkan ló ń gbọ́ ọ, ìdá 85 nínú 100 ló jáde kí ohùn náà tó dákẹ́. Nígbà tí wọ́n gbà pé ẹnì kan mìíràn wà tó ń gbọ́, ó wálẹ̀ sí 62. Nígbà tí wọ́n gbà pé mẹ́rin wà, ó di 31. Ó wá di 2007, Rachel Manning, Mark Levine àti Alan Collins padà lọ yẹ àkọsílẹ̀ ẹjọ́ náà wò. Kò sí ẹ̀rí pé ènìyàn 38 wà tó ń wòran. Kò sì sí ẹ̀rí pé ńṣe ni àwọn tó gbọ́ kàn káwọ́ gbera. Ìtàn náà wó. Àyẹ̀wò tó ti inú rẹ̀ jáde kò wó.

Zimbardo kọjú sí ibòmíràn pátápátá. Ní 1971, wọ́n ṣètò ẹ̀wọ̀n àfarawé náà fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n dá a dúró lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, ayé sì gbà láti ìgbà náà pé ẹni tí a bá ti fi ṣe wọ́dà á di ìkà láìsí ẹni tó kọ́ ọ. Ní 2019, Thibault Le Texier tẹ ohun tó rí nínú àkọsílẹ̀ àti nínú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nígbà náà jáde: wọ́n ti jẹ́ kí àwọn wọ́dà mọ irú ìwà tí wọ́n ń retí lọ́dọ̀ wọn. Ṣáájú rẹ̀, Alex Haslam àti Stephen Reicher ti ṣe ẹ̀wọ̀n tiwọn pẹ̀lú BBC, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006. Àwọn wọ́dà tiwọn kò fẹ́ lo agbára. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló dojú ètò náà bolẹ̀. (Ti Milgram, níbi tí wọ́n ti ní kí ènìyàn máa fi iná tó gbà pé òótọ́ ni gbé ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ n fi gbólóhùn kan kọjá lórí rẹ̀: gbogbo wa la mọ 26 nínú 40 tó tẹ iná náà dé 450 vóòtù, ìwọ̀nba wa ló mọ̀ pé nígbà tí àwọn méjì tó jókòó pẹ̀lú ẹni náà kọ̀ jálẹ̀, 4 péré nínú 40 ló dé òpin.)

Kò sí ọ̀kankan nínú èyí tó jẹ́ àṣírí. Gbogbo rẹ̀ wà nínú jọ́nà tí ilé ìkàwé yín ń san owó fún. Ohun tó ń jẹ́ kó bọ́ mọ́ wa lójú ni pé kò sí iṣẹ́ tó sọ ọ́ di dandan fún akẹ́kọ̀ọ́ láti ka ìwádìí bí ẹni tó máa ṣe é lọ́la. Ẹni tó máa ṣe é lọ́la kì í ka ìparí ìwé náà nìkan.

Ẹ jẹ́ n wá bọ́ sórí 2011, nítorí mo rò pé a kì í ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe yẹ. Nǹkan mẹ́ta ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún kan náà. Àkọ́kọ́, Daryl Bem tẹ àyẹ̀wò 9 jáde nínú ọ̀kan lára àwọn jọ́nà tí ẹ̀ka wa ń bọ̀wọ̀ fún jù, pẹ̀lú olùkópa tó ju 1,000 lọ, ó ní àbájáde rẹ̀ fi hàn pé ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ lè máa darí ìwà ènìyàn nísinsìnyí. Àwọn kan fi rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ronú jìnlẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀nà tí Bem gbà ṣe iṣẹ́ náà ni ọ̀nà tí gbogbo wa ń gbà. Bí ọ̀nà yẹn bá lè fìdí irú ohun bẹ́ẹ̀ múlẹ̀, kí ni kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀?

Joseph Simmons, Leif Nelson àti Uri Simonsohn ló dáhùn, nínú iṣẹ́ tó jáde lọ́dún yẹn kan náà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ìwádìí kan tí àbájáde rẹ̀ sọ pé àwọn tó gbọ́ orin kan báyìí di ọmọdé sí i; kì í ṣe pé ara wọn yá gágá, ọjọ́ orí wọn gan-an ló dín ní ọdún kan àti díẹ̀. Irọ́ kankan kò sí nínú détà wọn. Òmìnira tí olùwádìí ní láti yan èyí tó wù ú ni wọ́n lò.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀, torí òun gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ kì í rí nínú ìwé. A máa ń sọ pé bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, ààlà 0.05, èyí tí a fi ń pinnu pé àbájáde kan kì í ṣe èèṣì, kò ní jẹ́ ká ṣì í mú ju ìgbà 5 lọ nínú 100. Òótọ́ ni, bí olùwádìí bá ti pinnu ohun gbogbo kó tó rí détà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ pé ó wọn nǹkan méjì, ó sì ròyìn èyí tó jáde dáadáa. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó wo àbájáde, ó rí i pé ó kù díẹ̀, ó fi ènìyàn 10 kún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Ó tún ka ọ̀rọ̀ akọ àti abo mọ́ ìṣirò nígbà tó rí i pé ìyẹn ran òun lọ́wọ́. Ó ní ìsọ̀rí mẹ́ta, ó yọ ọ̀kan tí kò bá tirẹ̀ mu. Simmons àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjèèjì fi kọ̀ǹpútà ṣírò ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá fún ara rẹ̀ ní àyè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin papọ̀: ìgbà 5 nínú 100 di nǹkan bí 61. Ìyẹn ni pé ó rọrùn fún un láti rí ohun tí kò sí ju kó má rí i lọ.

Kí ẹ sì wò ó, kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó dà bí ẹ̀ṣẹ̀ lójú ẹni tó ń ṣe é. Ọ̀kọ̀ọ̀kan dà bí ọgbọ́n. Mo mọ alámòójútó kan tó máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé, “Padà lọ wò ó dáadáa, àbájáde yẹn wà níbẹ̀.” Ènìyàn rere ni. Kò ní kó purọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá sì jẹ́ ẹni tó ń tún iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe, ọ̀rọ̀ yẹn kò ní ní ibi tó máa bọ́ sí, nítorí ohun tí wọ́n máa wọ̀n, iye ènìyàn tí wọ́n máa pè, àti ìṣirò tí wọ́n máa ṣe, gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kópa. Kò tún sí ìwúrí kan fún un láti fẹ́ kó jáde ní apá kan ju ìkejì lọ. Ẹ bi ara yín léèrè bóyá ọ̀nà mìíràn wà tó dára tó báyìí láti kọ́ ọmọ tuntun ní ìwà òtítọ́ nínú iṣẹ́, láìṣe ìwàásù.

Ìkẹta ni ti Diederik Stapel ní Tilburg, ní Nẹ́dálándì, ẹni tó ń jókòó hùmọ̀ détà. Wọ́n ti fa ohun tó ju 50 lọ nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ padà. Àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí mẹ́ta tó wà nítòsí rẹ̀ ló tú u fó, kì í ṣe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe àwọn olóòtú jọ́nà. Ohun tó máa ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀. Òun ló ń lọ “kó” détà wá, òun ló ń gbé e fún wọn, tí wọ́n sì ń fi kọ àpilẹ̀kọ. Wọn kò fojú rí olùkópa kan. Ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó détà ìwádìí kan rí, láti orí ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó títí dé orí ẹni tó kẹ́yìn, mọ bí détà tòótọ́ ṣe máa ń rí játijàti: àwọn tó sá kúrò láàárín, àwọn tó tẹ nọ́ńbà kan náà fún gbogbo ìbéèrè, àwọn tó ní àwọn ti mọ ohun tí ẹ ń wá. Détà tó bá mọ́ jù á máa kọ ọ́ lóminú.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 2015, àwọn olùwádìí tó kó ara wọn jọ tún ìwádìí 100 ṣe. Ìdá 97 nínú àwọn ti àkọ́kọ́ ló ti kọjá ààlà ìṣirò. Nínú àwọn àtúnṣe, ìdá 36 ni. Bí a bá yọ ti sàíkọ́lọ́jì àwùjọ sọ́tọ̀, kò ju nǹkan bí ìdámẹ́rin lọ. Mi ò gbà pé nọ́ńbà yìí túmọ̀ sí pé irọ́ ni gbogbo ìyókù. Àtúnṣe pẹ̀lú lè kùnà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ti ná àwọn ọmọ yín. Àbá pé agbára ìkóra-ẹni-níjàánu máa ń tán bí a bá ti lò ó jáde ní 1998. Ní 2016, yàrá ìwádìí 23 dán an wò papọ̀ lórí olùkópa tó ju 2,000 lọ, ohun tí wọ́n rí kò jìnnà sí òdo. Láàárín ọdún 18 yẹn, àpilẹ̀kọ mélòó ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ lé e lórí? Àwọn mélòó ló rí òdo tiwọn, tí wọ́n gbà pé àwọn ni kò mọ iṣẹ́, tí wọ́n fi ẹ̀ka yìí sílẹ̀? Kò sí jọ́nà tó kọ ìyẹn.

Títí di ibi tí mo dé yìí, bí ẹni pé títún ìwádìí ṣe kò ju iṣẹ́ ọlọ́pàá lọ ni mo ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìyẹn ló mú mi kọ̀wé. Ohun tó mú mi kọ ọ́ ni ọnà tó wà nínú iṣẹ́ yìí, tí ó ń parẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ mú ti Leon Festinger àti James Carlsmith ní 1959. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan máa to nǹkan kéékèèké, kí ó máa yí èèkàn onígi, fún wákàtí kan gbáko, iṣẹ́ tó sú ènìyàn dé góńgó. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ fún ẹni tó kàn pé iṣẹ́ náà dùn. Wọ́n fún àwọn kan ní dọ́là 1, wọ́n fún àwọn kan ní dọ́là 20. Àwọn tó gba dọ́là 1 ló wá sọ lẹ́yìn náà pé iṣẹ́ náà ò burú. Nínú kíláàsì, ìṣẹ́jú mẹ́ta la fi ń sọ ọ́, a ó kọ orúkọ tíọ́rì náà sójú pátákó (cognitive dissonance: bí ohun tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ yàn láti ṣe bá ta ko èrò rẹ̀, á yí èrò náà padà kó lè bá a mu), ó parí.

Ẹ wá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan tún un ṣe. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìbéèrè á bo orí rẹ̀. Ọ̀nà wo ni mo fẹ́ gbà bẹ̀ ẹ́ tí kò fi ní jọ àṣẹ? Bó bá jọ àṣẹ, tíọ́rì náà ti bàjẹ́ níbẹ̀. Kí ni ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà máa fèsì, ohùn wo ló sì máa fi fèsì? Bí ẹnì kan bá ní òun kò purọ́, ṣé màá yọ ọ́ kúrò? Ènìyàn 71 ni Festinger àti Carlsmith lò, wọ́n sì yọ 11 kúrò. Ta ló pinnu, ìgbà wo ló pinnu? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé apá tó ṣàlàyé ọ̀nà ìwádìí kì í sọ ju ìdajì lọ. Ìdajì tó kù wà ní ẹnu, ní ojú, ní bí olùwádìí ṣe jókòó. Ẹni tó bá bá a jìjàkadì lẹ́ẹ̀kan, bó bá padà ka ìwádìí mìíràn, ojú mìíràn ló máa fi kà á.

Ohun tó sì máa ń jáde nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dùn ju “ó dúró” tàbí “kò dúró” lọ. Ní 2024, ẹgbẹ́ yàrá ìwádìí 39 tẹ àtúnṣe ọ̀kan nínú irú àwọn àyẹ̀wò yìí jáde, èyí tí wọ́n ti ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ tó lòdì sí èrò ara rẹ̀. Kíkọ ọ́ yí èrò wọn padà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bóyá wọ́n jẹ́ kí ẹni náà gbà pé òun ló fọwọ́ ara òun yàn án, tàbí wọn kò jẹ́ kó gbà bẹ́ẹ̀, kò mú ìyàtọ̀ wá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni tíọ́rì náà gbára lé. Akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì tó bá ṣiṣẹ́ lórí irú ìbéèrè báyìí ti wà ní àárín gbùngbùn ìmọ̀ náà. Kò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní 2007, Roy Baumeister, Kathleen Vohs àti David Funder ti kérora pé ìwà gan-an, ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe, ti ń pòórá nínú ìwádìí wa, ó ku ìwé ìbéèrè nìkan. Láti ìgbà náà, íntánẹ́ẹ̀tì tún ti sọ ọ́ di kí akẹ́kọ̀ọ́ fi líǹkì ránṣẹ́ ní alẹ́, kó sì jí bá détà ní òwúrọ̀. Mi ò bú u, èmi náà ń ṣe é. Àmọ́ ẹ̀ka tó ní òun ń kọ́ nípa ẹ̀dá láàárín ẹ̀dá, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì lè gba oyè láìjókòó ti olùkópa kan rí, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn àyẹ̀wò àtijọ́ kò ṣeé fi líǹkì ṣe. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí wọ́n tún wọn ṣe.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Rod Bond àti Peter Smith kó ìwádìí 133 tó tẹ̀lé ọ̀nà Asch jọ láti orílẹ̀-èdè 17 ní 1996. Ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé ìtẹ̀lé yàtọ̀ láti àwùjọ kan sí òmíràn, àti pé ó ti ń dín kù ní Amẹ́ríkà látìgbà ayé Asch. Àwọn tó tún un ṣe ló fún wa ní ìmọ̀ yẹn. Ní 2010, Joseph Henrich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rán wa létí pé ìdá 96 nínú 100 àwọn olùkópa inú àwọn jọ́nà ńlá kan tí wọ́n yẹ̀ wò wá láti orílẹ̀-èdè tó ní ìdá 12 péré nínú ènìyàn ayé. Tí ìwádìí àtijọ́ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè rí, ta ló lè sọ pé kò sí tuntun níbẹ̀?

Àtakò tó lágbára jù ni pé ọ̀rọ̀ àwùjọ kì í dúró sójú kan: àsìkò yí padà, ènìyàn yí padà, kí ló dé tí àbájáde kò ní yí padà? Kenneth Gergen ti sọ irú rẹ̀ láti 1973, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bí àyíká bá ni ìdí, ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: níbí ni yóò ti dúró, níbí ni kò ní dúró. Ohun tí à ń ṣe ni pé bó bá ti kùnà tán ni a ń rántí àyíká. Nígbà tí iṣẹ́ kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 tún ìwádìí 28 ṣe ní orílẹ̀-èdè àti agbègbè 36, 15 ló dúró, àwọn tó dúró sì sábà máa ń dúró káàkiri, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ṣubú ń ṣubú káàkiri. Àyíká ní agbára, àmọ́ a ti ń di ẹrù tó pọ̀ jù lé e lórí.

Ti iye ènìyàn kò gba ariwo. Láti 1962 ni Jacob Cohen ti fi ìṣirò hàn pé ìwádìí tó wà nínú ọ̀kan lára àwọn jọ́nà wa kéré jù láti rí ohun tó ń wá, bí ohun náà kò bá tóbi gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kò lè rí olùkópa tó pọ̀ tó. Márùn-ún lè rí i bí wọ́n bá pín iṣẹ́ kan ṣe, kí olúkúlùkù kọ tirẹ̀. Ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ ni òfin yín tó ní àpilẹ̀kọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé jọ́nà máa gba àtúnṣe? Láti 2013 ni àwọn jọ́nà kan ti ń gba ètò ìwádìí wọlé kí détà tó wà, wọ́n sì ń ṣèlérí pé àwọn á tẹ̀ ẹ́ jáde bó ti wù kó rí. Nígbà tí wọ́n fi irú àwọn iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wé ti àtẹ̀yìnwá nínú ìwádìí kan ní 2021, àbá àkọ́kọ́ jẹ́ òótọ́ ní ìdá 44 nínú 100. Nínú àwọn ti àtẹ̀yìnwá, ìdá 96. Èmi ò mọ ẹni tó lè wo nọ́ńbà méjèèjì yìí kí ó ní èyí ìkejì ni òun fọkàn tán.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ kí ẹ máa tọ́ àwọn ẹlẹ́gàn. Mo ti ń rí wọn: ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tó ti mọ orúkọ gbogbo ìwádìí tó ṣubú, tí kò tíì ṣe ẹyọ kan. Ìyẹn náà kò dáa. Nínú iṣẹ́ kan tó jáde ní 2014, 10 nínú ìwádìí 13 ló dúró. Ọ̀rọ̀ tí Gordon Allport sọ ní 1954, pé bí ẹgbẹ́ méjì bá ń pàdé déédéé ní ipò tó yẹ, ìkórìíra wọn á dín kù, Thomas Pettigrew àti Linda Tropp kó ìwádìí 515 jọ lórí rẹ̀ ní 2006, ó sì dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyẹ̀wò tó péye kò pọ̀ tó nínú wọn. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti mú àbájáde ẹlòmíràn jáde, yálà ó jáde tàbí kò jáde, kì í tètè fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Mo mọ̀ pé ìyípadà ìlànà ẹ̀kọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ìpàdé kan. Bí gbogbo ohun tí mo béèrè kò bá ṣeé ṣe lọ́dún yìí, ẹ bá wa ṣe méjì tí kò ná yín lówó. Nínú fọ́ọ̀mù tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń dá àbá àkòrí, ibi tí wọ́n ti ní kí ó kọ “ohun tuntun tí iṣẹ́ yìí mú wá”, ẹ fi àyè kan sí i lábẹ́: “tàbí ìwádìí tí mo fẹ́ tún ṣe, àti ìdí rẹ̀.” Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìlànà àwọn olùyẹ̀wò láti ìta pé wọn kò gbọdọ̀ yọ máàkì kúrò nítorí pé àbájáde kò kọjá ààlà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí mo bá sọ̀rọ̀ ti múra láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Èmi náà ṣe tán láti bá wọn wá ohun èlò àwọn olùwádìí àkọ́kọ́, kí a sì jọ kọ ètò náà sílẹ̀ kó tó di pé sáà tuntun wọlé. Ìfọwọ́sí yín la ń dúró dè.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé nínú sàíkọ́lọ́jì àwùjọ